Orin Kejìlá Tó Ní Orúkọ Rẹ Lórí

Hrafnavík, ní Iceland, oṣù kẹwàá, 1934

Eyvindur, àbúrò mi,

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta o. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti ọmọ yín ní Kopenhágìn. Pásítọ̀ ní kí n kí ọ. A ti da àgùntàn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, méjì ló sọnù. Orúnkún ṣì ń ro mí, ṣùgbọ́n ẹja gbígbẹ tó wà nílẹ̀ yóò tó wa jẹ títí òtútù fi máa lọ.

O mọ ìṣe Bàbá wa. Bí òkun bá ti gbé èèyàn lábúlé yìí, á ṣẹ̀dá orin kan fún un. Òun á tẹ dùùrù, èmi á kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òkú mọ́kànlá, orin mọ́kànlá. Kì í fọwọ́ kan bébà kí ìròyìn ikú tó dé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bá orin kejìlá lórí dùùrù. Orúkọ rẹ ló wà lókè rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, Eyvindur ò kú o!"

Kò tilẹ̀ wojú mi. "Ta ló bi ọ́? Tètè kọ́ ọ. Ibi tó ga níparí yẹn, ẹni tó ń sunkún ò lè kọ ọ́."

Mo jù ú síná. Láàárọ̀ yìí, ó tún jókòó, ó ń tẹ̀ ẹ́ láìwo ìwé kankan.

Àbúrò mi, mo fi ọmú ìyá wa bẹ̀ ọ́, má wọ ọkọ̀ ojú omi tó o ní o máa bá wálé ṣe Kérésì. Fèsì kíá, kí n fi ìwé ọwọ́ rẹ han Bàbá. Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa.

Tètè kọ̀wé o. Mi ò fẹ́ kọ́ orin náà, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n tán.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Steinvör