Ìyàwó Atukọ̀ Ogun

Sátidé, oṣù Kẹsàn-án

Ọkọ mi mú mi lọ sétí omi lónìí. Ó ń ròyìn olókìkí atukọ̀ ogun àtijọ́ kan, tí ọba fún láṣẹ kó máa kó ẹrù ọkọ̀ àwọn ọ̀tá.

"Àdùkẹ́, ọkọ̀ rẹ̀ ń sáré bí ẹṣin. Ọdún mẹ́ta ni ò fi wálé."

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń kọ ìtàn ìyàwó?"

Ìgbà yẹn ló sọ pé òun náà ti ríṣẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù orí omi, ó di Kérésì kóun tó wálé. Mo kàn ní ó dáa.

Kò dáa. Mi ò tíì lè dá wọ bọ́ọ̀sì ní Rexdale yìí, ní Kánádà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé...

A ti padà délé báyìí, ó ń dín dòdò lọ́wọ́. Tó bá gbé e dé, màá ní kó má lọ.