Bàbá Tí Kò Fọwọ́ Sí Ìwé Gáàsì: Ìgbésí Ayé Ẹnjiníà Ezekiel Ọláṣùpọ̀ Àkàngbé (1949–2025)

Àwa ẹbí Àkàngbé kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa sin Bàbá wa. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìbánikẹ́dùn. Èmi Mobọ́lájí, àkọ́bí wọn, ni ẹbí ní kí n kọ ìtàn yìí sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ wá díẹ̀, nítorí náà a ó sọ ọ́ bí ó ṣe rí.

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni orírun Bàbá, ní agbo ilé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, ṣùgbọ́n Musin ni a bí wọn sí, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1949. Bàbá tó bí wọn ni Pa Joseph Àkàngbé, ẹni tí iṣẹ́ káfíńtà gbé wá sí Èkó. Ìyá wọn ni Màmá Dorcas Àbẹ̀kẹ́, tí ń ta kẹrosíìnì nínú ìgò nítòsí ọjà Ọjúwọyè. Ọmọ márùn-ún ni Màmá bí. Bàbá nìkan ló dàgbà nínú wọn.

Ní ọdún 1956, Bàbá bẹ̀rẹ̀ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Yábà. Wọ́n wọ iléèwé girama ní 1963, wọ́n sì jáde ní 1967. Wọ́n ṣe akọ̀wé fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó rí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ gbà ní 1970, láti lọ kọ́ iṣẹ́ gáàsì ní ìlú Kyiv, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Sófíẹ̀tì nígbà náà. Màmá Dorcas sunkún títí, wọ́n ní òtútù ibẹ̀ yóò pa ẹyọ ọmọ kan tó kù fún àwọn. Kóòtù tí Bàbá wọ̀ lọ, ti àlùfáà kan tó ti fẹ̀yìntì ni. Ó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn.

Ní Kyiv, Bàbá bá ọmọ Ukraine kan gbé yàrá kan náà fún ọdún mẹ́rin. Mykola ni orúkọ rẹ̀. Nígbà ìsinmi ọdún 1974, àwọn méjèèjì lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi iná jó ẹnu páìpù ńlá pọ̀, páìpù tí yóò gbé gáàsì láti Rọ́ṣíà gba ilẹ̀ Ukraine kọjá lọ sí Yúróòpù. Bàbá máa ń sọ pé ẹ̀fọn ibẹ̀ burú ju ti Musin lọ. Ibi iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti gba ohun kan gbọ́: pé àwọn orílẹ̀-èdè tí páìpù kan náà bá so pọ̀ kò ní lè bá ara wọn jà, nítorí pé ọ̀kan nílò gáàsì, èkejì sì nílò ẹni tí yóò rà á.

Wọ́n padà sí Nàìjíríà ní 1976, wọ́n sì ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọdún méje. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá ọdún 1979, wọ́n fẹ́ Caroline Kíkẹ́, olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wọn. Láti 1983 títí di 2010, Bàbá kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Yábà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá wọ kíláàsì, wọ́n á fi ẹfun fa ìlà kan láti ìpẹ̀kun pátákó kan dé ìpẹ̀kun kejì, wọ́n á ní, "Páìpù rèé. Níbi tí páìpù bá gbà, ogun kò ní gba ibẹ̀." Ọ̀gá Páìpù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n.

Ní oṣù kìíní ọdún 2009, Rọ́ṣíà àti Ukraine ní aáwọ̀, gáàsì kò sì gba Ukraine kọjá fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Yúróòpù kan wà nínú òtútù, bẹ́ẹ̀ wọn kò sí nínú ìjà náà. Mykola, tí ó ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ páìpù yẹn, kọ lẹ́tà sí Bàbá. Ó ní, "Ọláṣùpọ̀, mo gbé etí lé páìpù tí a jọ jó pọ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti rí i pé èèyàn lè fi páìpù jagun láìyin ìbọn. Má sọ ohun tí o ń sọ fún àwọn ọmọ yẹn mọ́." Bàbá ka lẹ́tà náà, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n sì tún fa ìlà wọn sójú pátákó fún ọdún kan sí i. Àwọn fúnra wọn ló sọ èyí fún wa. Wọn kò jẹ́ kí a gbójú fò ó.

Ogun ńlá dé ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà wọ Ukraine. Bí ọdún náà ṣe ń lọ, gáàsì tí Rọ́ṣíà ń fi ránṣẹ́ sí Yúróòpù ń dín kù. Lónìí, wọ́n á ní ẹ̀rọ bàjẹ́. Lọ́la, wọ́n á ní irú owó tí wọ́n fẹ́ gbà ti yí padà. Ní oṣù kẹsàn-án, páìpù tó ń gba abẹ́ òkun lọ sí Jámánì dákẹ́ pátápátá. Bàbá pe Mykola títí, kò gbé e. Wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́ta, èsì kò dé. Wọ́n kú láìmọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Yúróòpù wá ń wá gáàsì káàkiri ayé, ìwákiri náà sì dé Èkó. Rilwan, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Bàbá fẹ́ràn jù, ti di ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan tí ń ta gáàsì. Ní oṣù kọkànlá, ó gbé ìwé kan wá sí ilé wa ní Sùúrùlérè. Ilé iṣẹ́ náà fẹ́ kó gáàsì lọ sí Yúróòpù, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé òun ti fún àwọn oníbàárà tó wà ní Nàìjíríà ní ìpín tiwọn. Wọ́n nílò àgbà ẹnjiníà tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn láti fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìwé náà ka ibùdó ìtajà gáàsì mẹ́tàdínlógún ní Musin àti Sùúrùlérè tí wọ́n ní àwọn ti já gáàsì sí.

Bàbá ní kí Rilwan fi ìwé náà sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n nígbà náà, ọkàn wọn sì ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àbúrò mi Tèmídayọ̀ bá wọn wọ kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń lọ láti ibùdó kan sí òmíràn. Mọ́kànlá nínú mẹ́tàdínlógún ni wọ́n bá tí géètì rẹ̀ wà ní títì. Ní Ìdí-Àràbà, obìnrin kan tí ń jẹ́ Jọmílójú jókòó sí iwájú ibùdó tirẹ̀, ó to àwọn sílíńdà òfìfo síta bí ẹni ń sá aṣọ. Bàbá bi í pé ìgbà wo ni wọ́n já gáàsì kẹ́yìn.

Ó ní, "Bàbá, láti oṣù kẹjọ ni a ò ti rí mọ́tò kankan. Àwọn oníbàárà mi ti padà sídìí èédú. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá wa gbé e wá ni?"

Tèmídayọ̀ ní Bàbá kàn yọ bíìrò, wọ́n kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀.

Àbúrò tó tẹ̀lé mi, Jemimah, jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Leipzig ní Jámánì, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọbìnrin kan, Hadassah. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé náà lẹ́nu Màmá wa, ó sì pe Bàbá ní ọjọ́ Àìkú kan tí gbogbo wa ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Fóònù náà wà lórí tábìlì, gbogbo wa ló gbọ́ ọ.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i. Onílé ti dín ìgbóná ilé wa kù. Kóòtù ni mo fi ń wé ọmọ mi sùn. Gáàsì yẹn, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ń bọ̀."

Bàbá ní, "Jemimah, ohun tí ìwé yẹn sọ kì í ṣe òótọ́. Mo ti fi ojú ara mi rí i."

"Ṣé àwọn ará Musin wá ju ọmọ mi lọ lójú yín ni?"

Bàbá ní, "Èmi kọ́ ni mo ti páìpù yín pa, ọmọ mi. Ẹni tí ó tì í pa fẹ́ kí èmi àti ìwọ máa ja irú ìjà yìí. Mi ò ní bá ọ jà á." Jemimah pa fóònù. Oṣù márùn-ún ló fi bá Bàbá yodì.

Bàbá kọ orúkọ ibùdó mọ́kànlá náà sí ìwé, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Jọmílójú sí i bí ó ṣe sọ ọ́, wọ́n sì dá a padà láìfọwọ́ sí i. Ilé iṣẹ́ náà wá ẹlòmíràn. Ẹni náà fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ kan, ọkọ̀ òkun sì gbéra. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí. A kò ní parọ́ lórí òkú Bàbá wa pé wọ́n dá ọkọ̀ kankan dúró. Ohun tí wọ́n rí gbà níbẹ̀ ni pé ọmọ wọn kò bá wọn sọ̀rọ̀, àwọn kan ní Yábà sì ń sọ pé ogbó ti dé, orí Bàbá kò pé mọ́.

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún 2023, Bàbá ránṣẹ́ pe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ tí wọ́n lè rí sí gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Yábà. Mọ́kàndínlógún ló wá. Rilwan jókòó sẹ́yìn. Bàbá kò fa ìlà kankan. Wọ́n ní, "Mo kọ́ yín pé páìpù ń so èèyàn pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ fún yín pé ẹni tí ó bá di ibi tí a ti ń ṣí i mú lè fi gbá àwọn tó kù lọ́rùn mú. Ọ̀rẹ́ mi kọ̀wé sí mi ní 2009, mo fi pamọ́, nítorí pé ó máa ba ẹ̀kọ́ mi jẹ́. Ẹ dárí jì mí."

Rilwan dìde. Ó ní, "Sà, èmi ni mo gbé ìwé yẹn wá bá yín."

Bàbá ní, "Jókòó, Rilwan. Ó ti rẹ̀ mí." Rilwan jókòó. Nígbà tí ìpàdé tú, òun ló wa Bàbá délé. A kò mọ ohun tí wọ́n sọ nínú mọ́tò. Rilwan ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà di òní, ó sì wà lára àwọn tí yóò gbé pósí Bàbá.

Nínú ìjọ, Bàbá ṣe sítúwọ́ọ̀dù, ìyẹn ìríjú ìjọ, fún ọdún méjìlélógún, wọ́n sì kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin títí èémí kò fi gbé e mọ́. Nígbà tí gáàsì wọ́n ní Musin, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí dà á fúnra wọn láti inú sílíńdà ńlá sí kékeré, ohun tí ó lè jó ilé kanlẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta fún ọdún kan àtààbọ̀, Bàbá ń lọ sí iwájú ibùdó Jọmílójú láti kọ́ wọn bí a ṣe ń fi omi ọṣẹ wá ibi tí sílíńdà ti ń jò. Wọ́n ń gbé àga tiwọn lọ láti ilé.

Jemimah gbé Hadassah wá sílé ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Bàbá ń sùn lórí àga nígbà tí wọ́n wọlé, ọmọ náà sì lọ fa ìka ẹsẹ̀ wọn. Jemimah kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá. Nígbà tó yá, ilé wa gbóná. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù bà mí." Bàbá gbé ọmọ náà lé itan. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ẹ̀rù yẹn gan-an ni wọ́n ń tà fún yín, gáàsì kọ́." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Jemimah lò. A kò rí Bàbá kí wọ́n rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2025, rédíò kéde pé àdéhùn páìpù tó ṣì wà láàárín Rọ́ṣíà àti Ukraine ti parí, gáàsì Rọ́ṣíà kò gba Ukraine kọjá lọ sí Yúróòpù mọ́. Bàbá pa rédíò náà. Wọ́n sọ fún Màmá pé, "Kíkẹ́, iṣẹ́ tí mo fi ìgbà ọ̀dọ́ mi ṣe ti parí láàárọ̀ yìí." Màmá ní kí wọ́n wá jẹun. Wọ́n jẹun.

Àìsàn ọkàn wọn le sí i láti oṣù karùn-ún. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà lẹ́ẹ̀mẹta, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 2025, Màmá ń fi tówẹ́ẹ̀lì nu ọwọ́ wọn. Bàbá ní ọ̀tún ti tó, kí wọ́n nu òsì. Màmá ṣì ń nu òsì lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá dákẹ́. Màmá nù ún tán kí wọ́n tó pè wá.

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ sáyé ni aya wọn, Màmá Caroline Kíkẹ́ Àkàngbé. Àwọn ọmọ wọn, Mobọ́lájí, Jemimah àti Tèmídayọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Beulah, Òkìkíọlá, Ayọ̀miídé àti Hadassah. Pẹ̀lú àwọn ìbátan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Musin àti lókè òkun.

Bàbá wa, ẹ̀yin kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Ọlọ́run yóò tọ́jú Màmá, àwa náà yóò máa wà pẹ̀lú wọn. Ilẹ̀ Èkó tí ó gbà yín ní ìkókó ló tún gbà yín padà yìí. Kí ó fúyẹ́ lára yín. Ẹ sinmi. Ẹ sùn re o.