Aṣọ Mẹ́kà Tí Mo Lé Làálì Sí

Bàbá mi, Àlàájì mi tòótọ́,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ibẹ̀ yẹn tù yín lára? Ooru ọdún yìí ní Niamey kò ṣe é fẹnu sọ. Ìdìbò tún ti dé, àǹkárá tí wọ́n tẹ orí olóṣèlú sí ti kún ọjà Grand Marché. Ká ní ẹ wà níbí ni, ẹ̀ bá ti tà fún gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀ bá sì máa fi gbogbo wọn rẹ́rìn-ín lábẹ́ fìlà yín.

Wọ́n pè mí wá ṣeré, Bàbá. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, nínú gbọ̀ngàn kan ní Harobanda lódìkejì odò, n óò ta aṣọ mọ́ ògiri, n óò máa kọrin, n óò sì máa fi làálì àti aró ya ohun tí orin bá gbé wá. N kì í kọ orin náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe ń pe orúkọ Ọlọ́run léraléra ni ọwọ́ mi ń lọ. Àwọn èèyàn rò pé iléèwé Faransé ni mo ti kọ́ ọ. Irọ́ ni! Ọ̀dọ̀ yín ni. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi apá wọn aṣọ, tí ẹ ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a, pàì! kí oníbàárà lè gbọ́ pé ojúlówó ni? Láàárín ọ̀pá kan sí ìkejì, ẹ ó ti pe Subuhanallahi. Èmi tí mo wà lórí ìdì aṣọ, ijó ni mo ń jó.

Ọ̀rọ̀ aṣọ kan ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ aṣọ funfun, ẹ ń bá obìnrin Zarma kan ná ọjà lọ́wọ́, ẹ kàn fi àgbọ̀n júwe àwọn àpótí fún mi. Èmi ọ̀gá òmùgọ̀, àpótí ìsàlẹ̀ ni mo ṣí. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí funfun pọ̀ tó yẹn, báwo ni n bá ṣe mọ èyí tó yàtọ̀? Mo gé igun rẹ̀ kan láti dán làálì wò, mo ju àjákù náà sínú apẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo gbé ìyókù lọ.

Ìgbà tí àìsàn dá yín wó ni ẹ tó sọ fún mi pé inú àpótí ìsàlẹ̀ ni aṣọ ìsìnkú yín wà. Ìgbà yẹn ló yé mi pé aṣọ tí ẹ ró ní Mẹ́kà, tí ẹ fi omi Sàmúsàmù fọ̀, ni mo gbé lọ ya àwòrán sí. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń fún yín ní ẹ̀kọ mu, n kò lè la ẹnu. Ojo ni mí nígbà yẹn. Ẹ forí jì mí.

Ní òwúrọ̀ tí ẹ kú, Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ló ṣí àpótí. Mo ti gbára dì fún ìtìjú. Aṣọ funfun tuntun la bá níbẹ̀, ẹ ti fọ̀ ọ́, ẹ ti ká a dáadáa. Àjákù tèmi wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú làálì lára. Ìgbà wo lẹ ti mọ̀, Bàbá? Àbí ẹ ń dúró kí n fẹnu ara mi jẹ́wọ́ ni?

Bàbá Kékeré ni mo padà jẹ́wọ́ fún, lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín. Ó ní mo ti ba ohun mímọ́ jẹ́, dandan ni kí n dáná sun aṣọ náà kí Sátidé tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n má tẹ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo mọ̀ pé ó dùn ún, ó fẹ́ràn yín. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ṣùgbọ́n n kò ní jó o, ẹnikẹ́ni ò sì ní mú mi jó o. Bí ó bá ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ mi, n óò wá àyè kékeré kan sí àdúgbò Lazaret.

Lánàá, mo rán àjákù yẹn padà sí igun tí mo ti gé e. Rírán rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀ pé n kò mọ abẹ́rẹ́ í lò. Aṣọ yìí kan náà ni n óò ta mọ́ ògiri ní Sátidé, n óò gbá a, pàì! bí ẹ ti máa ń ṣe. Ibi àjákù tí ẹ bá mi fi pamọ́ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó ń jó lórí ìdì aṣọ.