Bí Erè Akínwálé Ṣe Bọ́ Awọ Nínú Apẹ̀rẹ̀ Obì

Ilé Ọláoyè,
Ẹ̀yìn Ọjà Ọba,
Adó-Èkìtì.
Oṣù Kìíní, ọdún 1979.

Olúfúnkẹ́ ọmọ mi, Àjọkẹ́,

Mo kí ọ púpọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Báwo ni ara? Báwo ni iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ tí ìjọba rán ọ lọ ṣe ní Sókótó? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó àlàáfíà, kí ó má bá ọ lórí ibùsùn àìsàn. Wọ́n ní ọyẹ́ ọ̀hún máa ń la ètè ènìyàn. Má fi òrí tí mo dì sínú àpótí rẹ ṣe ọ̀ṣọ́ o, fi í para. Ní tiwa níhìn-ín, a wà. Bàbá rẹ náà wà, àyàfi ẹ̀yìn tó ń dùn ún díẹ̀díẹ̀, èyí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé gbàgbé.

Mo rí ìwé rẹ gbà. Ibi tí o ti béèrè Àlejò ni mo kà ní àkàtúnkà. O ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n délé kí ẹ tún sọ fún mi pé òun náà ti kú." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, Fúnkẹ́. Láti ìgbà tí àbúrò rẹ Akínwálé ti bá ìjàǹbá ọkọ̀ lọ ní ọ̀nà Ìyìn, lẹ́yìn Ìkórè, Àlejò erè rẹ̀ yẹn nìkan ni ohun ẹlẹ́mìí tó fi sílẹ̀ nínú ilé yìí. Kò fi ìyàwó sílẹ̀, kò fi ọmọ sílẹ̀. Ejò ló fi sílẹ̀ fún èmi tí mo máa ń sá fún ekòló. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti ròyìn gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ.

Ìwọ náà wà nílé lọ́jọ́ tó gbé e dé láti oko, nínú fìlà rẹ̀, tó ní ọmọdé ni, òun kò lè pa á, àti pé erè kò ní oró. Mo pariwo pé àlejò ni o, kò gbọdọ̀ sùn síbí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ohun tí mo pè é sọ ọ́ lórúkọ. Ibi tí wọ́n bá ní kí gbégbé má gbé, ibẹ̀ náà ló ń gbé. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti wọ yàrá ẹ̀yìn mọ́. Bí oúnjẹ bá jinná, láti ojú fèrèsé ni mo ti ń pe ọmọ mi wá jẹun.

Lẹ́yìn tí Akínwálé lọ, Bàdírù ọ̀rẹ́ rẹ̀, télọ̀ tó wà ní àdúgbò Adébáyọ̀, ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Òun ló ń gbé èkúté wá fún un jẹ, òun ló ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Ọmọ yẹn ṣe é fún mi, Ọlọ́run yóò ṣe é fún òun náà. Èmi a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, n óò máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ti lóṣòó síwájú àpótí onínẹ́ẹ̀tì yẹn, nítorí bí Akínwálé ṣe máa ń lóṣòó náà nìyẹn.

Bí ọdún tuntun ṣe wọlé ni Bàdírù lọ sí Ìlọrin lọ kí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ọyẹ́ bọ́ sílẹ̀, tí àwọn òkè ìlú wa kò hàn mọ́. Mo yọjú wo Àlejò, mo rí i pé ara rẹ̀ ti ṣú, kò dán mọ́. Èkúté tí Bàdírù fi sílẹ̀ fún un ń rìn káàkiri lórí rẹ̀, kò kà á sí. Nígbà tó wá gbé orí sókè, ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun bí omi ògì. Mo ní ejò yìí ti fọ́jú, ó ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó ni ín.

Kí ni ìyá ọmọ ń ṣe nígbà ọyẹ́? Iná la máa ń dá fún ọmọ tuntun, kí òtútù má baà mú un. Ohun tí mo ṣe fún ìwọ àti Akínwálé nìyẹn, òtútù kò sì pa yín. Mo bẹ bàbá rẹ, ó bá mi gbé àpótí náà lọ sí ilé ìdáná, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Bí mo bá ń se ọbẹ̀, n óò máa sọ fún un láti ọ̀ọ́kán pé, "Máa yáná, máa yáná." Àṣé ńṣe ni mò ń yan án.

Kò pẹ́ tí awọ ara rẹ̀ fi gbẹ táútáú, tó ń là káàkiri, ṣùgbọ́n tí kò bọ́. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ní ìdí ìrù, ó fún un bí òrùka tó kéré jù fún ìka. Àlejò ń fi orí gbá ara àpótí, kò ríran. Bàbá rẹ wò ó, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Monínú, jẹ́ kí n gbé e lọ sí oko, kí n bá a parí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Mi ò lè wà nínú ulé yìí kí n tún máa wo ohun tó ń kú." Má bínú sí bàbá rẹ. Kì í ṣe ìkà. Òun ló lọ rí Akínwálé ní ọsibítù lọ́jọ́ náà, wọn kò jẹ́ kí èmi dé ibẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi títí Bàdírù yóò fi dé.

Nígbà tí Bàdírù dé, ó káwọ́ lórí. Ó ní, "Màmá, kò fọ́jú o! Awọ ló fẹ́ bọ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kì í jẹun, ojú rẹ̀ a sì funfun. Iná yẹn ló gbẹ ẹ́ mọ́ ọn lára." Ó ṣàlàyé fún mi pé ejò kò ní ìpéńpéjú bíi tiwa, pé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló bo ojú rẹ̀, àti pé awọ ojú yẹn náà gbọ́dọ̀ bọ́ pẹ̀lú ìyókù. Bí kò bá bọ́, yóò fọ́jú ní tòótọ́. Èyí tó fún un ní ìrù yóò sì mú kí ìrù náà rà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, mò ń ronú bí n óò ṣe kọ ọ́ sí ọ.

A bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́ ńlá, Bàdírù rọra tẹ́ ẹ sí i. Awọ náà rọ̀, inú wa dùn. Ṣùgbọ́n bí a ti gbé e jáde báyìí, ọyẹ́ tún gbẹ ẹ́ padà. A tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, ibi tí a dé náà nìyẹn. Bàdírù kò sí níbẹ̀ rí nígbà tí Akínwálé bá ń bójú tó bíbọ́ awọ yìí, ìdí máṣíìnì ló máa ń wà. Ohun kan ṣoṣo tó rántí ni ohun tí Akínwálé máa ń sọ: "A kì í fà á. Fífà ló ń ṣe é léṣe. A kàn máa dì í mú fún un ni, òun fúnra rẹ̀ ni yóò rìn jáde."

Ìdí obì ni mo jókòó sí ní Ọjà Ọba tí nǹkan fi là sí mi lójú. Mò ń yí ewé inú apẹ̀rẹ̀ padà bí mo ti máa ń ṣe. O mọ̀ pé a kì í kó obì sínú omi. Bí omi bá pọ̀ jù fún un, yóò dúdú, yóò rà. A kì í sì í tẹ́ ẹ sí gbangba nígbà ọyẹ́, kó má baà hun jọ. Ewé tútù la fi ń bò ó, tí a ó fi àpò tí a wọ́n omi sí dé e lórí, kó lè máa mí níbẹ̀. Obì tí mo kó ṣáájú ọdún ṣì ń dán lójú mi báyìí. Mo lu ọwọ́, mo ní, "Ewé ni, kì í ṣe omi!" Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń ta ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé ta ni mò ń bá wí. Mo tún dojú kọ ewé mi. Ta ni yóò ra obì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbé ejò sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Mo kó obì kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ kan, mo ra ewé gbòdògì tuntun, mo sì ránṣẹ́ pe Bàdírù. A tẹ́ ewé nídìí apẹ̀rẹ̀, ó gbé Àlejò lé e, a tún fi ewé bò ó. A fi àpò tútù dé e, a so ó, a sì gbé e jìnnà sí iná. Àdúrà tó sáré wá sí mi lẹ́nu ni èyí tí a máa ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí Olúwa fọ́ orí ejò. Mo yára gbé e mì. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe eléyìí o." Bàdírù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a gbọ́ tó ń ha ara apẹ̀rẹ̀ náà. Bàdírù tó ti yà wá wò ó tú okùn rẹ̀. Fúnkẹ́, n kò mọ bí n óò ṣe kọ èyí kó lè yé ọ. Ó ti fi imú ha ara apẹ̀rẹ̀ títí awọ ètè rẹ̀ fi ṣí, awọ náà sì ń ká lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Ó dé ojú. Mo di apá bàbá rẹ mú. Awọ ojú náà ṣí kúrò pẹ̀lú ìyókù, róbótó méjì, ó ń dán bí awò ojú. Ojú mìíràn sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó dúdú, ó mọ́ kedere, ó ń wò wá. Ọlọ́run Ọba! Ojú tí mo ti sọ pé ó fọ́! Láti kékeré ni mo ti ń pe Ọlọ́run ní Ẹlẹ́dàá, ṣùgbọ́n n kò bá a lẹ́nu iṣẹ́ rí àfi lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó kọjá àárín, awọ náà há níbi tí iná ti gbẹ ẹ́ jù. Àlejò dúró, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bàdírù di orí rẹ̀ mú, ó ní kí ẹnì kan fi aṣọ tútù di ibi tó há yẹn. Bàbá rẹ na ọwọ́, ó tún fà á padà. Bẹ́ẹ̀ ni èmi Monínúọlá ṣe rẹ gèlè mi sínú omi, mo sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú apẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ kò yọ̀ bí mo ti rò. Ó le, ó ń mí, mo sì ń gbọ́ èémí náà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ń ṣe mí bíi kí n fà á, kí ó tètè tán. N kò fà á. Mo kàn dì í mú. Ó pẹ́ kó tó mira. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kọjá láàárín ọwọ́ mi. Awọ rẹ̀ dúró lọ́wọ́ mi, òun ń lọ. Ó lọ títí ìrù rẹ̀ fi yọ, òrùka tó fún un náà sì bọ́ sínú gèlè mi.

Àlejò ká ara rẹ̀ jọ lórí ewé, ara rẹ̀ ń kọ mànà, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì ń ṣe bí òṣùmàrè lórí rẹ̀. Bàdírù mú awọ náà, ó ń yí i síwá sẹ́yìn bí aṣọ tí oníbàárà gbé wá. Ó wá ojú rírán títí, kò rí i. Ó ní, "Súbúhánálláhì. Màmá, kò sí máṣíìnì tó lè rán èyí."

Bàbá rẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dì í mú títí, kó tó wí pé, "Èyí ni ọwọ́ Akínwálé kàn. Èyí tó wà lára rẹ̀ báyìí kò mọ̀ ọ́n." Òótọ́ ni, Fúnkẹ́. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé kí n mẹ́kún mọ́ra, pé ìyá kì í sunkún ọmọ. Mo sun ún lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ sun tirẹ̀. Bàdírù ní òun fẹ́ lọ pọn omi, ó sì jáde láìmú korobá dání. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: bí mo ti ń sunkún náà ni mò ń wo Àlejò, n kò sì lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Ó ti jẹun báyìí. Ojú rẹ̀ mọ́, ìrù rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Yàrá ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ wọ̀ láràárọ̀, èmi ni mo ń wọ́n omi sí ewé rẹ̀, bàbá rẹ sì ń yọ mí lẹ́nu pé mo ti di ìyá ejò. Jẹ́ kó máa wí. Bí o bá parí ìsìnlú rẹ, tí o délé, wàá bá a láàyè.

Ọlọ́run tó pa ojú mọ́ lábẹ́ ojú yóò pa ìwọ náà mọ́ ní ilẹ̀ àjèjì. O kò ní fi ẹsẹ̀ kọ. Ohun tó ń fún ọ lára yóò bọ́, kò ní mú ọ ní awọ lọ. Èmi kò tún ní gbọ́ ìròyìn ọmọ lẹ́nu ẹlòmíràn mọ́. Wàá padà wá bá wa ní ayọ̀, a ó sì jọ jẹun. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì ń retí rẹ,
Monínúọlá Ọláoyè.

Àfikún: A pín awọ náà. Bàbá rẹ mú apá ìrù, kò sì sọ ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí fún ẹnikẹ́ni. Apá orí, tòun ti ojú méjèèjì, ló wà nínú bébà pélébé tí mo dì mọ́ ìwé yìí. Bóyá yóò ti ya díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, kò burú. Àárín ojú méjèèjì yẹn ni Bàdírù ní àbúrò rẹ máa ń rọra fi àtàǹpàkò pa. Fi tìrẹ kàn án níbẹ̀.