Bí A Ṣe Wẹ Sójà Tó Ń Fò

Olúwabùkọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Kútọnu tó gbà ọ́ sílé, mo sì kí onílé rẹ ní Agblangandan bí kò bá tíì fi kún owó ilé. Bó bá ti fi kún un, má bá mi kí i mọ́. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òjò kò wọ yàrá? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ adìẹ mi lọ́wọ́ àṣá láti ọdún tó kọjá yóò máa ṣọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ki ọwọ́ bọ àpò olówó àti tálákà nínú ọjà Dàntókpà. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó wà lórí àga, ó ń yí rédíò, rédíò náà kò sì tíì dá a lóhùn láti àárọ̀.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ, tí n kò pè ọ́. Ìwọ lo fà á. Nígbà ọdún Àjíǹde tí o wá sílé, o jókòó sídìí àdògán, o ń ṣàlàyé fún wa pé ohun tó ń júwe ọ̀nà nínú fóònù, àwọn ológun ló kọ́kọ́ ṣe é, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò ju bọ́ǹbù sí gẹ́lẹ́. O sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìròyìn ayọ̀. Mo rò ó dáadáa lẹ́yìn tí o lọ. Àyà mi ni mo ń fi fóònù sí. Èmi ìyá ọmọ mẹ́rin, kí n mú ohun tí sójà fi ń wá ibi tí yóò ju bọ́ǹbù sí, kí n kì í bọ abẹ́ ọmú? Mo ti pa á, mo gbé e sínú ìkòkò olómorí, mo sì rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, níbi tó sún mọ́ ilé Àjàyí ju ilé wa lọ. O mọ Àjàyí, aládùúgbò wa tó ń sún ààlà oko díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa aṣọ lára ẹni tó sùn. N kò fẹ́ ibi fún un o. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé dandan ni kí wọ́n jù ú, ọ̀hún sàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fóònù ń jẹ owó bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu, Sàní onítasí sì máa ń gbé ìwé dé Kútọnu lọ́fẹ̀ẹ́ bí mo bá ti fún un ní àkàrà. Mo máa ń dín ata rẹ̀ kù, kó má baà tún tọrọ omi.

O tún sọ lọ́jọ́ náà pé oúnjẹ inú agolo, nítorí àwọn ọmọ ogun Faransé ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ láyé àtijọ́. Bàbá rẹ kò tíì gbàgbé. Ó ní pẹ̀lú iye sàdíìnì tí òun ti jẹ láyé òun, ó yẹ kí Faransé ti máa san owó ìfẹ̀yìntì fún òun, kí o bá òun béèrè lọ́dọ̀ aṣojú wọn ní Kútọnu níbẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá san án, ìdajì rẹ̀ tèmi ni, nítorí èmi ni mo ra sàdíìnì.

Ó dáa, ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an nìyí. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ yín tó gbé oògùn wá kò sọnù, a kò jí i, a kò sì tà á. Ó wà lórí páànù ilé ìdáná mi. Fara balẹ̀ kà á títí, kí o lè mọ ohun tí wàá sọ fún ọ̀gá rẹ.

Lọ́jọ́bọ̀, ejò paramọ́lẹ̀ bu Kúbúrá ṣán, ìyàwó Ṣẹ̀ríìfù tó ń ránṣọ. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ti ń já ewé tí yóò fi pọ́n ẹ̀kọ. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ ti wú bí iṣu àkọ́yọ. Jímọ́ọ̀ nọ́ọ̀sì ní oògùn oró ejò kò sí lọ́wọ́ òun, nítorí inú òtútù ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, fìríjì tí wọ́n fún òun sì ti kú tipẹ́, aṣọ lòun ń kó sínú rẹ̀. Oògùn wà ní ilé ìwòsàn ńlá ní Pobè. Ṣùgbọ́n odò ti gba orí afárá, alùpùpù zémìjàn kò lè kọjá, Sàní alára dúró sí òdìkejì, ó ń juwọ́ sí wa bí ẹni ń lọ Mẹ́kà. Jímọ́ọ̀ fi fóònù pe Pobè. Wọ́n ní kí a má ṣèyọnu, ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ yín gbé kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn yóò gbé oògùn náà wá, kí a lọ dúró dè é ní pápá ilé ìwé, ṣùgbọ́n kí a yára, nítorí bí oró bá dé ọkàn obìnrin náà, oògùn kò ní iṣẹ́ mọ́. Jímọ́ọ̀ ní kí n lọ sọ fún àwọn àgbà kí ẹ̀rù má bà wọ́n, nítorí ọmọ mi wà lára àwọn tó ṣe é.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Ó yẹ kí n sọ pé ẹyẹ onírin kan ń bọ̀, kí n sì panu mọ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í purọ́ fún àgbàlagbà, àyàfi tó bá fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo ní orúkọ rẹ̀ ni dúróònù. Adéògún, olórí àwọn ọdẹ, ní, Dúró? Ó ní ṣé àbíkú ni? Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí o ti sọ fún mi pé ó máa ń lọ, ó sì máa ń padà wá. Ó ní iṣẹ́ wo ló ń ṣe tẹ́lẹ̀? Mo ní sójà ni lókè òkun, ó ti ju bọ́ǹbù rí, ó ti pa èèyàn, ṣùgbọ́n ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ti di sífíìlì, kì í ṣe ológun mọ́. O rántí pé ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ Faransé yẹn sínú bébà tí o fi sílẹ̀ nípa ẹ̀rọ náà. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọ́fíìsì sífíìlì ni mo ti gba ìwé ìbí gbogbo yín, nítorí náà ìjọba mọ ìyá rẹ̀, ó mọ bàbá rẹ̀. Mo tún fi kún un pé láti ìgbà tí mo ti ń rí sójà tó fẹ̀yìntì, èyí ni àkọ́kọ́ tí mo máa rí tó ríṣẹ́ gidi ṣe. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àfi Mùílíù, torí sójà tó fẹ̀yìntì lòun náà.

Adéògún kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó ní, ta ló wẹ̀ ẹ́?

Ìwọ náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó ti ojú ogun bọ̀ kì í wọ̀lú bẹ́ẹ̀. Ẹnu ààlà ni wọ́n ń dá a dúró sí, wọn á fi omi àti ewé wẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ ohun tó ti ṣe má baà bá a wọlé. Mo ní, Bàbá, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni wẹ̀ ẹ́, òyìnbó ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀. Ó bá pe àwọn ọmọ ọdẹ, wọ́n mú ìbọn, wọ́n lọ tò sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ó ní bó bá fẹ́ wọ ìlú yìí láìwẹ̀, òun á jẹ́ kó padà síbi tó ti wá, ní wẹ́wẹ́.

Ṣẹ̀ríìfù sáré dé, tépù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. Ó ní, Bàbá Ọdẹ, ẹ dákun, obìnrin yẹn ò mọ̀ mí mọ́, orúkọ ìyá rẹ̀ ló fi ń pè mí. Adéògún ní kó dìde. Ó ní òun kò sọ pé kí Kúbúrá kú o. Ó ní àbúrò bàbá òun lọ jagun fún Faransé, ó dé ní òru, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láìwẹ̀ nítorí ó fẹ́ tètè rí ìyàwó, títí ó fi kú ló ń pariwo lójú oorun, òun Adéògún ni wọ́n sì ń ní kó lọ dì í mú. Ó ní ọwọ́ tó bá ní ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ kan aláìsàn. Bùkọ́lá, ọ̀rọ̀ náà kò jọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ létí mi. Ṣùgbọ́n a ti ń gbọ́ ẹ̀rọ náà lókè odò, ó ń kùn bí agbọ́n tí wọ́n fi igi tọ́.

Mo wo àwọn ìbọn, mo wo Ṣẹ̀ríìfù, mo ní, Bàbá, bí sójà bá bá yín ra ìṣáná bọ̀ láti ọjà, ṣé ẹ máa wẹ ìṣáná náà kí ẹ tó fi dáná? Ó rò ó. Ó ní wọn kì í wẹ ìṣáná. Mo ní, ẹrù kọ́ ni sójà. Ẹ jẹ́ kí ẹrù wọ̀lú, kí ẹni tó rù ú dúró lórí pápá, ẹ̀yin ẹ wẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù yín. Ó tún wo òkè. Ó ní kí wọ́n sọ ìbọn kalẹ̀.

Mo mọ̀ pé ibi tí mo ti ní bó ṣe wù yín yẹn ni ọ̀gá rẹ máa dì mú. Ẹ̀mí èèyàn wà nínú rẹ̀, n kò ráyè ṣa ọ̀rọ̀.

Ó balẹ̀. Jímọ́ọ̀ já àpótí oògùn gbà, ó sáré bí ẹni jí adìẹ, ó sì fún Kúbúrá lábẹ́rẹ́. Àwa tó kù dúró ti sójà. Ọṣẹ dúdú, ọṣẹ olóòórùn, kànìnkàn tuntun, ìsọ̀ mi ni wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀, wọ́n ní ọmọ mi ló ni àlejò. Mùílíù ni wọ́n ní kó wẹ̀ ẹ́, nítorí sójà ló mọ ara sójà. Ó kọ́kọ́ dúró ṣanṣan, ó fọwọ́ kan iwájú orí, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní bárékè. Lẹ́yìn náà ó da garawa àkọ́kọ́ lé e lórí. Nǹkan náà ń ké pìì, pìì, iná pupa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Adéògún ní ẹ máa dà á, ó ń ka orúkọ àwọn tó pa. Wọ́n fọ abẹ́ apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ha ìdí rẹ̀, wọ́n bomi sí gbogbo ihò tí wọ́n rí. Ó ké lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fà á gùn, ó sì dákẹ́. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ pé ara ti rọ̀ ọ́. Ìgbà tí Jímọ́ọ̀ padà dé nìkan la rí ẹni tó ká ọwọ́ lé orí.

Kò tíì dìde láti ìgbà náà. Mo sá a sórí páànù pẹ̀lú láfún, mo ń yí i padà kí oòrùn lè kan ikùn àti ẹ̀yìn rẹ̀. Jímọ́ọ̀ ní kí n rì í sínú ìrẹsì, pé ìrẹsì ń fa omi. Mo bi í bóyá ó mọ iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì tí yóò bo ẹ̀rọ tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

Kúbúrá lajú lọ́jọ́ kejì. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ta ló kó ewé òun. Wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, ó ti ń bá ọkọ rẹ̀ jà, ara rẹ̀ ti yá nìyẹn. Ṣùgbọ́n Jímọ́ọ̀ ní kí a má yọ̀ jù, pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní rán òmíràn, ejò kò sì tíì tán nínú igbó. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Adéògún. Ó wá sí ìsọ̀ mi, ó jókòó lórí àpótí ọṣẹ tó ti ṣófo, kò ra nǹkan kan. Ó ní òun kò mọ̀ pé omi ń pa á. Ó ní òun lọ wo Kúbúrá, òun bá a tó ń pọ́n ẹ̀kọ, ó sì fún òun ní méjì. Ó ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé àwọn tó kù tí ẹ bá rán wá, ẹnikẹ́ni kò ní da omi sí wọn lára mọ́, nítorí ẹni tó ti gba ẹ̀mí là ti wẹ̀, òun àti ìran rẹ̀. Ó ní bí ọ̀gá rẹ bá bínú, òun tí kò kọjá Pobè rí yóò wá sí Kútọnu, yóò sì sọ fún un lójú pé ọwọ́ òun ni ẹ̀bi wà.

Mo ní, Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ kí ọṣẹ mi tó tán? Ó ní ṣé ó ti gba ẹ̀mí là nígbà náà?

Nítorí náà, sọ fún ọ̀gá rẹ kó rán òmíràn. Sàní yóò gbé èyí tí a wẹ̀ bọ̀ bí ọkọ̀ bá ti lè kọjá. Ó ń béèrè owó èrò méjì, mo ní ẹrù òfo ló gbé, kó gba ti ẹnì kan. San án fún un. Fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fáráǹ ránṣẹ́ fún ọṣẹ àti kànìnkàn, àti ẹgbẹ̀rún méjì fún bátìrì rédíò bàbá rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rò pé bátìrì ló ń ṣe é. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn èyí, èmi náà kò kọ̀ ọ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o tún ohun kan ṣe kó bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n bá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ wò sàn kò ní gbàgbé rẹ. Ilé rẹ kò ní gbóná ju ẹ̀kọ àárọ̀ lọ. Bí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́ léèrè ohun tó pa ẹ̀rọ rẹ̀, wí pé ọ̀wọ̀ ni.

Èmi ìyá rẹ,
Àdùní