Páànù Búrẹ́dì Tí Ọmọ Wa Fọ̀

Ìyá àwọn ọmọ, ó pé ogójì ọjọ́ lónìí tí o ti kú fi wá sílẹ̀. Olóòtú, ẹ má bínú pé ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ kí. Òun ló máa ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò, èmi kàn máa ń jókòó tì í ni. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Ìyá àwọn ọmọ, ọmọ wa obìnrin gbọ́ lórí ètò yìí pé ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú máa ń bọ́ ìdọ̀tí lára irin. Ló bá fi fọ páànù búrẹ́dì rẹ títí ó fi ń dán bíi dígí. Ó gbé e wá kí inú mi lè dùn. Mo ní, "O ṣé, ọmọ mi." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ ni mò ń gbọ́: "Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, òróró tó ti wọ irin lára ni, òun ni kì í jẹ́ kí búrẹ́dì lẹ̀. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́, ẹnu rẹ̀ ni yóò fi yan búrẹ́dì!"

Nígbà tó yan búrẹ́dì ní Sátidé, ìdajì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ páànù. Ó bú sẹ́kún. "Bàbá, ọwọ́ mi ò lè jọ ti Màmá láéláé." Mo fi ṣíbí họ èyí tó lẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán níwájú rẹ̀.

Olóòtú, ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ fún un pé páànù ni, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀? Inú rere tó fi fọ̀ ọ́ wá ńkọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá àwọn ọmọ, mo ti fi òróró pa páànù náà. Gbogbo Sátidé ni èmi àti ọmọ wa yóò máa yan búrẹ́dì nínú rẹ̀, títí yóò fi dúdú padà.