Irun Tí Mo Gbé Wálé Láti Ojú Ogun

Èmi, Hezekiah Akínwándé, ọmọ Ilé Alágbẹ̀dẹ ní ìlú Ìrókò, ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, Sájẹ́ǹtì tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni mo ní kí wọ́n kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Ojú mi ń ríran, bí ẹ bá ti yọ ti òsì kúrò. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, kò sì sẹ́ni tó fún mi lọ́tí mu, nítorí n kì í mutí. Agbẹjọ́rò Olúwakẹ́mi ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe tún ọ̀rọ̀ mi ṣe kó lè dùn. Ìwé ìhágún tí mo ṣe lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹ ya á. Ẹni tó ṣe ìyẹn kò tíì mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí.

Àwọn tí mo yàn láti mú ọ̀rọ̀ mi ṣẹ ni Títíladé, àkọ́bí mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, àti Lateef, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa ajagunfẹ̀yìntì ní Ìrókò. N kò yan Ṣẹ́gun ọmọ mi ọkùnrin. Ṣẹ́gun, má bínú. O ti mú oníbàárà méjì wá wo ilé mi nígbà tí mo ṣì ń gbé inú rẹ̀, o sì ní kí n lọ jókòó síta kí wọ́n lè rí pálọ̀ dáadáa.

Kí n tó pín ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìíní ọdún yìí, nítorí ara mi kò tíì balẹ̀ títí di òní.

Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ náà, àwa ajagunfẹ̀yìntì máa ń péjọ láti ka orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó kú nínú Ogun Abẹ́lé. Èmi ni mo máa ń kà á. Bí mo bá pe orúkọ kan, a ó dákẹ́ díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wúkọ́, kí n tó pe òmíràn. Lọ́dún yìí, àwọn ará Ẹgbẹ́dá ló gbà wá lálejò, ní pápá iléèwé kan nítòsí Alákíà. Mo pe orúkọ mẹ́fà. Mo pe ìkeje, Lìádì Àjàní, ọmọ Ìrókò, ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí mo ti ń pè láti ọdún 1971. A dákẹ́. Bàbá arúgbó kan sì dìde lábẹ́ kánópì tó wà lẹ́yìn pátápátá, ó nàró ṣánṣán, ó sì dáhùn bí ọmọ ogun ṣe ń dáhùn: Sà!

Háà! Ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi. Inú kọ́kọ́ bí mi, mo rò pé ọ̀mùtí kan ló ń fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin dì í lápá mú. Nígbà tó sún mọ́ mi, mo rí àpá tó wà létí ètè rẹ̀, èyí tí èmi fúnra mi fi òkúta dá sí i lára nígbà tí a wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo fi ìka kan àpá náà. Olúwa mi o! Lìádì tí mo ti sin!

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ àṣà náà. Bí ẹni wa bá kú sọ́nà jíjìn, tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé wálé, wọn á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wálé, wọn á sì sin ín sílé baba rẹ̀ bí ẹni sin odidi òkú. Kí èmi àti Lìádì tó wọṣẹ́ ológun ní 1967, a ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé ẹni tó bá yè nínú wa kò ní jẹ́ kí èkejì sọnù sóko. Ní 1969, èmi ni mo gbé irun Lìádì wálé nínú aṣọ ìnujú. Wọ́n sin ín. Ìyá rẹ̀ kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìsìnkú náà, ìbànújẹ́ ló pa á. Lóṣù Kejìlá ọdún kan náà ni mo fẹ́ Rùqáyyàh, àfẹ́sọ́nà Lìádì.

Ohun tí Lìádì sọ fún mi lábẹ́ kánópì kò pọ̀. Ọta bà á nínú ikùn, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì yè. Ó ń bọ̀ wálé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1970. Kí ó tó wọ Ìrókò, ó pàdé ẹnì kan tó sọ fún un pé wọ́n ti sin ín, pé ìyá rẹ̀ ti kú, pé Rùqáyyàh ti wà nínú oyún fún mi. Ó yí padà. Kò sọ ẹni tó pàdé. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Olódò, ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní. Olódò! Ibi tí ọkọ̀ ń gbéni dé láàárín wákàtí méjì. Ìjọba kò fìgbà kan sọ pé ọkùnrin yìí kú. Èmi nìkan ni mo sọ ọ́, tí gbogbo ìlú sì gbà mí gbọ́.

Mo délé lọ́jọ́ yẹn, mo ròyìn fún Rùqáyyàh. Kò kígbe. Mo rò pé ẹ̀rù ló dí i lẹ́nu. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé mo rí ojú òkú náà nígbà yẹn? Mo ní ewúrẹ́ kò tíì mu omi, mo bá jáde. Ìbéèrè yẹn ló mú kí n ṣe ìwé yìí.

ÌKÍNÍ. Oko mi tó wà lẹ́yìn odò, mo fi fún Títíladé. Kò sí ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Gbogbo Ìrókò ti fi mí rẹ́rìn-ín tó, àgbẹ̀ tó ń ra gaàrí jẹ. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Inú oko ẹ̀gẹ́ ni mo ti gé irun náà. Títíladé lè gbin ohun tó bá wù ú.

ÈKEJÌ. Ewúrẹ́ mọ́kànlá jẹ́ ti Rùqáyyàh, ìyàwó mi, àti kẹ̀kẹ́ ìránṣọ, àti rédíò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti sọ pé ariwo lásán ni rédíò náà ń pa. Kí Ṣẹ́gun máa ra àgbò Iléyá fún un lọ́dọọdún, bí èmi Kìrìsìtẹ́nì ti ń rà á. Kí ẹ sì jẹ́ kó máa fi itan kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Olódò bí ìṣe rẹ̀. N kò rí ẹ̀gbọ́n náà rí. Ó ní kì í fẹ́ àlejò.

Ẹ jẹ́ kó hàn síta pé èmi ni mo kọ́kọ́ rí Rùqáyyàh. Ọjà Mọ́níyà ni, ó jókòó ti iyọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń hun súwẹ́tà. Mo sáré lọ sọ fún Lìádì nítorí ọ̀rẹ́ mi ni. Lìádì sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Wọ́n ti gbé ìdána lọ kí n tó gbọ́n. Mo bá wọn ru ẹrù ìdána náà, mo ń rẹ́rìn-ín, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé èmi náà fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ̀KẸTA. Ilé oníyàrá mẹ́rin tí mo kọ́, pẹ̀lú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó padà sọ́wọ́ Lìádì Àjàní àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣẹ́gun, rọra mí. Ìyá Lìádì ló fún mi nílẹ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́ lára ilẹ̀ baba Lìádì, nítorí mo gbé ọmọ rẹ̀ wálé. Èmi kò sì gbé ọmọ rẹ̀ wálé. Kí Rùqáyyàh máa gbé inú ilé náà títí ayé rẹ̀, Lìádì ti gbà bẹ́ẹ̀ níwájú Lateef. Ibojì irun náà wà lábẹ́ igi òro ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mo máa ń gbá a láràárọ̀ Sátidé. Rùqáyyàh kò fi ìgbálẹ̀ kàn án rí, mo sì rò pé ìbànújẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù.

Ẹ̀KẸRIN. Ọ̀bẹ kékeré kan wà nínú agolo lábẹ́ ibùsùn mi, irú èyí tí wọ́n ń ká pọ̀ sínú èèkù rẹ̀. Ẹ má fi fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e sọ sí ṣáláńgá. Òun ni mo fi gé irun náà, ibí sì ni mo ti máa dáhùn ìbéèrè Rùqáyyàh.

N kò rí ojú òkú náà. Ó dojú bolẹ̀ láàárín ebè méjì. Ohun tí mo rí ni súwẹ́tà aláwọ̀ ewé tí Rùqáyyàh hun fún Lìádì. Lìádì ti wá sọ fún mi báyìí pé ibà ń gbọ̀n ọmọ ogun kan tí òun kò mọ orúkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, òun sì bọ́ ọ fún un. Mo kúnlẹ̀, mo ké, mo gé irun ìpàkọ́ rẹ̀, mo gé èékánná ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìbọn ń dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn ló dí mi lọ́wọ́. Àyè wà. Mo di èjìká rẹ̀ mú láti yí i padà. Ọkàn mi wá bi mí pé, bí kì í bá ṣe Lìádì ń kọ́? Mo sì rí i pé inú mi kò ní dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí. Ọ̀rẹ́ mi ni, inú mi kò sì ní dùn pé ó yè. Mo fi èjìká náà sílẹ̀. Mo wá sílé, mo sọ fún ìyá rẹ̀ àti Rùqáyyàh pé mo rí ojú rẹ̀, pé ńṣe ló dà bí ẹni tó sùn.

Ẹ̀KARÙN-ÚN. Kí Lateef yọ orúkọ Lìádì kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn òkú. Tí wọ́n bá dé ipò keje, kí wọ́n má pe orúkọ kankan, kí wọ́n kàn dákẹ́. Ẹni tí mo gé irun rẹ̀ ló ni ìdákẹ́ yẹn. N kò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Kí ẹ pa orúkọ Lìádì rẹ́ lára òkúta ibojì náà, kí ẹ kọ ọ́ pé ọmọ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀.

N kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó.

ÀFIKÚN. Mo ti ní in lọ́kàn pé lẹ́yìn ikú mi ni wọn ó ka ìwé yìí fún Rùqáyyàh. Ìwà ojo ni, ara mi kò sì gbà á. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, mo ní kí Títíladé kà á fún un lójú mi. Ẹ̀wà ló ń ṣà nínú àtẹ lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí mo ti mẹ́nu kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Olódò, ó ní kí Títíladé dúró. Ó ní òun kò ní ẹ̀gbọ́n ní Olódò. Ó ní òun ni Lìádì pàdé lójú odò ní oṣù Kẹjọ ọdún 1970, tòun ti oyún Títíladé. Òun ló sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Wọ́n jọ sunkún, wọ́n sì jọ fẹnu kò pé kó yí padà. Ẹ gbà mí o! Fún ọdún márùndínlọ́gọ́ta, àgbò tí mo ń rà, Lìádì ló ń jẹ itan rẹ̀! Mo wo Títíladé, Títíladé wò mí. Rùqáyyàh ní òun pa á mọ́ fún mi ni, nítorí mo ṣàṣìṣe lójú ogun, bí mo bá sì gbọ́ ọ, ìtìjú lè pa mí. Ó ní òun ti dárí àṣìṣe yẹn jì mí kí wọ́n tó bí Títíladé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Ó ní kí Títíladé tún un kà. Títíladé tún un kà. Kì í ṣe àṣìṣe mọ́ nìyẹn, ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ sì nìyẹn. Ó dìde, ó mú ìgbálẹ̀, ó lọ sábẹ́ igi òro, ó sì gbá ibojì náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ó ní ìyá ọmọ tí irun rẹ̀ wà níbẹ̀ ti jókòó dè é títí ìyá náà fi kú, kò sì sẹ́ni tó fojú kan ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé oúnjẹ síwájú mi láìsọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹrin rèé.

Nítorí náà mo fi èyí kún un. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ẹ má yára dé pósí mi. Ẹ tẹ́ mi kí n kọjú sókè. Ẹ ránṣẹ́ sí Olódò kí Lìádì wá wò mí lójú. Bí Lìádì bá ti ṣáájú mi lọ, kí Rùqáyyàh wò mí, bí kò bá tiẹ̀ tíì bá mi sọ̀rọ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ má bá a jà. Kí ẹni tó bá wà nítòsí wò mí dáadáa, kí ó sì sọ ọ́ sókè pé Hezekiah ni. Bí mo bá sì kú síbi tó jìn, tí ó di pé kí ẹ gé irun mi wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yí mi padà.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìrókò, ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Hezekiah Akínwándé, Sájẹ́ǹtì

Àwọn tó rí i nígbà tí mo fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì wò mí lójú:
Díákónì Iṣẹ́olúwa Adémidé, Ìrókò
Sanmí Ògúnrìndé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìrókò